Àbọ̀ Mẹ́ta ní Ìlú Àwọn Aṣọ́ẹyẹ

Ẹ rọra jókòó, ẹ má sì pariwo, àwọn ẹyẹ ṣì ń jẹun nínú àbàtà níwájú wa níbẹ̀ yẹn. Ọyẹ́ ti mú gbogbo wa, ètè gbogbo wa ti là, ẹsẹ̀ wa sì funfun bí ẹni tó tẹ èlùbọ́ mọ́lẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó sùn sílé nínú àwa tí à ń ṣọ́ ẹyẹ. Mo ti gbọ́ tiyín. Tísà Adéṣuyì ní òun rí ẹyẹ onírù gígùn kan tí òun kò rí láti ọdún mẹ́fà, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó kọ ọjọ́ sí i, ó kọ igi tó bà lé. Ìyá Dúrójayé ní ẹyẹ pupa kékeré kan wá mu omi nínú garawa òun, ó sì wo òun lójú kó tó fò lọ. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n gbìyànjú. Ó wá ku èmi. Láti àárọ̀ ni ẹ ti ń yọ́jú wò mí, pé kí ni Ọdẹ́jìnmí arúgbó rí.

Èmi Ọdẹ́jìnmí, tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà! Èmi tí ẹfọ̀n gbọ́ ikọ́ mi tó gbàgbé ibi tó ń lọ! N kò rí nǹkan kan lónìí. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìrìn tí ẹyẹ kan mú mi rìn nígbà tí mo ṣì lágbára, bí Tísà bá fẹ́ kọ ọ́, ìwé rẹ̀ kò ní í gbà á. Ẹ fún mi ní obì yẹn. Ẹ ṣeun. Ẹ wá gbọ́ o.

Àwa méjì ni ìyá wa bí. Ọdẹ́rìndé ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni àbúrò, ọdẹ sì ni àwa méjèèjì. Ní ọdún kan tí ọyẹ́ mú gidigidi, Ẹ̀gbọ́n mi ti oko ọdẹ dé, ó gbé ìbọn kọ́ sára ògiri, ó ní òun kò yìn ín mọ́. Ó ní òun rí ẹyẹ kan nínú àbàtà yìí gan-an, ẹyẹ ńlá tó funfun láti orí dé ìrù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ́n bí ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun tó kun osùn. Ó sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀-osùn. Ó ní ọjọ́ kan péré ló lò, ó sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Láti ọjọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n mi kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó nà gbalaja sínú koríko, kó máa wo òkè. Ìyá Dúrójayé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lónìí pọ̀, ẹ lẹ́gbẹ́, ẹ níwèé. Nígbà náà, òun nìkan ni, wèrè ni wọ́n sì ń pè é.

Ìyá wa kò lè gbà á. Ọdẹ ni bàbá wọn, ọdẹ ni ọkọ wọn, wọ́n wá bí àkọ́bí, ó ń wo ẹran, kò pa á. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Èmi wà lẹ́yìnkùlé, mò ń bó awọ ìgalà. Mo gbọ́ ariwo Ìyá, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Nígbà tí mo fi máa sáré yọ sí iwájú ilé, Ẹ̀gbọ́n mi ti ń lọ lójú ọ̀nà oko, kò bojú wẹ̀yìn, kò kí ẹnikẹ́ni. Ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Ọdún méje kọjá. A wá Ọdẹ́rìndé títí, a kò rí i. Ojú Ìyá fọ́, ẹsẹ̀ wọn wú, oúnjẹ kò wọlé fún wọn mọ́. Bí ọyẹ́ ọdún keje ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ẹní.

"Ọdẹ́jìnmí, ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí mi lára. Bá mi wá a wá."

"Ìyá, ẹ ò ní í kú."

"Màá kú. Kì í ṣe ohun tí mò ń bi ọ́ nìyẹn. Ṣé wàá lọ àbí o ò ní í lọ?"

Mo mú ìbọn, mo mú àpò, mo dọ̀bálẹ̀. "Mò ń bọ̀, Ìyá," ni mo wí, bí gbogbo wa ti máa ń wí bí a bá ń jáde nílé. N kò tilẹ̀ ronú sí i.

Mo gba ọ̀nà tí ẹyẹ ọyẹ́ ń gbà wá, ìyẹn ni pé mo ń lọ síbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Mo wọ igbó kan tí ewé rẹ̀ kò mì. Láàárín ọ̀nà ni iwin kan jókòó sí, Àìdijú lorúkọ rẹ̀. Ojú ló bo gbogbo ara rẹ̀: ojú lórí orúnkún, ojú ní àtẹ́lẹwọ́, ojú lábẹ́ àgbọ̀n. Mo kà á dé mọ́kàndínlógójì kó tó bínú.

"Ìwọ tó ń kà mí yìí," ló wí, "kò sí ẹni tó ń kọjá níbí àfi tó bá dárúkọ nǹkan tí èmi kò tíì rí. Bí o bá dárúkọ ohun tí mo ti rí, màá yọ ojú rẹ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mi. Ẹ̀yìn mi ṣì ní àyè."

Ẹlòmíràn ìbá ti tọ̀ sára. Èmi náà fẹ́ẹ̀ tọ̀ sára, ṣùgbọ́n mo fi ìgbéraga bò ó. Mo ní, "Àìdijú, ìwọ kò tíì rí ara rẹ níbi tí o ti ń sùn."

 Àwọn ojú náà ń wo ara wọn. "Òótọ́ ni," ló wí. "Báwo ni mo ṣe máa ń rí?"

"Bí o bá di ojú, wàá rí i."

Ó di ti orúnkún, ó di ti ọwọ́, ó dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ti di èyí tó kẹ́yìn, oorun tí kò sùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a gbé e lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Mo gba ara itan rẹ̀ kọjá. Tísà, ṣé o ń kọ ọ́? Kọ ọ́ pé ọgbọ́n orí ni, kì í ṣe oògùn.

Ìgbéraga yẹn náà ló kó mi sí wàhálà níwájú. Mo dé àbàtà kan tí ẹrẹ̀ rẹ̀ funfun. Bí mo ti ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ohùn kan jáde láti ìsàlẹ̀: "Ta ló ń tẹ̀ mí?"

"Èmi Ọdẹ́jìnmí ni, tí mo fi ọta kan ṣoṣo pa erin!"

Ẹrẹ̀ fà mí dé orúnkún.

"Èmi tí mo bá ẹkùn jà lọ́wọ́ òfo!"

Ó fà mí dé ìbàdí. Mo rò pé kò gbọ́ mi dáadáa ni, mo bá tún pariwo pé èmi ni mo dá odidi ọ̀wọ́ ìmàdò dúró lójú ọ̀nà Ìgbóòrè. Ó fà mí dé àyà, ìbọn mi rì, àpò mi rì. Ìgbà náà ni mo wá rí i pé àbàtà yìí kò fẹ́ irọ́. N kò lè lọ síwájú, n kò lè padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ọ̀sán ń jó mi lórí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo bá erin náà níbi tó ti kú ni. Ó ti ń rùn." Ẹrẹ̀ tú mi sílẹ̀ dé ìbàdí. "Ẹkùn náà kò rí mi, orí igi ni mo wà." Ó tú mi sílẹ̀ dé orúnkún. "Ìmàdò kan péré ni, ó sì yarọ." Mo bá jáde sí òdì kejì, ara mi mọ́, ojú sì ń tì mí.

Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín jù nínú yín, ọjọ́ tó bá dé àbàtà náà ni mo fẹ́ rí.

Bí mo ti gun etí àbàtà náà, mo rí ìlú kan. Kò ní odi, ṣùgbọ́n ó ní ibodè, ìyá arúgbó kan sì jókòó síbẹ̀, ó ń ran òwú. Ìyá Oníbodè ni wọ́n ń pè é. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, ó dá mi lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní kí n wọlé. Mo wọlé. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí, ẹ̀yin ènìyàn mi, Ẹlẹ́sẹ̀-osùn ni! Kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n wà lórí gbogbo òrùlé, wọ́n wà lórí gbogbo igi, wọ́n ń rìn kiri nínú ọjà. Inú mi dùn débi pé mo fò sókè. Kò sí ẹni tó bá mi fò.

Àwọn ará ìlú náà, aṣọ́ẹyẹ ni gbogbo wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ti ìlú tirẹ̀ tọ ẹyẹ náà wá. Ọrùn wọn ti gùn nítorí òkè tí wọ́n ń wò ṣáá. Ní àràárọ̀, wọ́n á kó ara wọn jọ sí gbàgede bí a ti kó ara wa jọ yìí, wọ́n á máa sọ ohun tí wọ́n rí.

"Mo rí Ẹlẹ́sẹ̀-osùn."

"Ṣé ó bà ni, àbí ó ń fò?"

"Ó bà."

"Èmi náà rí i."

Ẹni kejì á wí ohun kan náà, ẹni kẹta á wí i, títí oòrùn á fi kan àtàrí. Kò sí ẹni tó ń yọ̀, kò sí ẹni tó ń jiyàn. Ẹyẹ tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ torí rẹ̀ ti sú wọn, síbẹ̀ òun náà ni wọ́n ń wò. 

Láàárín wọn ni mo ti rí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti rù, ọrùn rẹ̀ gùn ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n àpá tó wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo dì mọ́ ọn. Ó ń fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn bí ẹni tó ń rẹ ọmọdé lẹ́kún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde ká máa lọ. Ìyá ń pè yín."

"Ṣé àwọn fúnra wọn ló ní kí o pè mí?"

"Àwọn fúnra wọn."

Ó mi orí. "Ọdẹ́jìnmí, ọ̀nà kò sí. Ìwọ lọ wò ó ná. Bí o bá rí ilé, padà wá mú mi."

Mo rò pé àìsàn ló ń dà á láàmú. Mo gbéra lọ́gán. Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Oníbodè, mo ní, "Ìyá, ó dàbọ̀ o." Ó ní, "Ọ̀ọ̀, ọmọ mi, ó dàbọ̀." Mo rìn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, mo yà sọ́tùn-ún, mo yà sósì, mo gun òkè kan. Bí mo ti ń sọ̀ ọ́, kí ni mo rí? Ìyá Oníbodè ni, ó ń ran òwú. "Káàbọ̀," ló wí.

Mo padà wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi kàn bù mí ní àyè lórí ẹní rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo wò ó pé bóyá ìkíni yẹn ni kò dára. Mo pinnu pé màá gba iwájú obìnrin náà kọjá láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ẹ bá mi dá a lóhùn: ṣé ẹ lè gba iwájú arúgbó tó jókòó, tó ń wo ojú yín, kí ẹ má kí i? Mo gé ètè mi jẹ. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé ìkejì. Ó gbé ojú sókè wò mí. Ẹnu mi ṣí fúnra rẹ̀: "Ìyá, ó dàbọ̀ o." Mo tún rìn títí di ọ̀sán, mo tún sọ̀kalẹ̀ síwájú rẹ̀. "Káàbọ̀."

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo já òwú lára igi, mo ki í bọ ẹnu títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi wú. Mo dé ibodè. Orúnkún mi tẹ̀, àyà mi kan ilẹ̀, mo sì gbọ́ tí ohùn mi gba àárín òwú náà jáde pé, "Ì-á, ó-à-ọ̀ o." Ó rẹ́rìn-ín títí òwú fi já lọ́wọ́ rẹ̀. Àbọ̀ náà sì ni mo tún bọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó rẹ̀ mí. Mo jókòó. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, n kò mọ iye rẹ̀ mọ́. Mo ń bá wọn lọ sí gbàgede láràárọ̀, mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, mo sì ń fọwọ́ kan ọrùn mi wò bóyá ó ti ń gùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n yíjú sí mi pé kí n sọ tèmi. Mo ní, "Mo rí Ẹlẹ́sẹ̀-osùn." Ẹnì kan ní, "Ṣé ó bà ni, àbí ó ń fò?" Mo ní, "Ó bà." Bí mo ti wí i tán, mo gbìyànjú láti rántí ojú ìyá mi, n kò rí i rántí. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti bá ọ̀pọ̀ nǹkan pàdé nínú igbó, ṣùgbọ́n n kò tíì bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà gbéra lórí òrùlé. Mo tẹjú mọ́ ọn. Kò ké, kò yípo, kò wo ẹnikẹ́ni, ó kàn lọ, n kò sì rí i kó padà. Mo bi ara mi pé kí ló dé tí ẹyẹ yìí lè lọ tí èmi kò lè lọ. Mo dìde, mo lọ jókòó ti Ìyá Oníbodè.

"Ìyá, kí ni mo fi ṣe yín tí ẹ kò jẹ́ kí n lọ?"

"O kò fi nǹkan kan ṣe mí, ọmọ mi. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo kọjá níwájú mi, ẹ̀ẹ̀mẹta lo kí mi. Kí lo wí?"

"Mo ní ó dàbọ̀."

"Ó di kí ni?"

Mo tú ọ̀rọ̀ náà wò. Ó di àbọ̀! Láti kékeré ni mo ti ń wí i, n kò tẹ́tí gbọ́ ọ rí.

"O sọ fún mi pé ó di ìgbà tí o bá padà dé," ló wí. "Mo sì ń retí rẹ. Ṣé kí n sọ ọmọ dáadáa di onírọ́ ni? Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ìlú yẹn, ohun kan náà ni wọ́n ń wí fún mi. Ẹyẹ nìkan ni kì í kí mi."

Mo ronú sí i. Ẹ̀yin ènìyàn mi, orí yìí ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà! Mo ní, "Ìyá, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo wí i?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo bọ̀?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí òwú. "Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Àbọ̀ mi tán lọ́dọ̀ yín nìyẹn. Ó ku ẹyọ kan láyé, kì í sì í ṣe tiyín. Ìyá tó bí mi ni mo sọ fún pé mò ń bọ̀, kí n tó mọ̀ yín rárá."

 Ó fà sẹ́yìn lójú ọ̀nà, òun àti àpótí ìjókòó rẹ̀. "Máa lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n má kí mi o."

"Kí n má kí yín, kẹ̀?"

"Ó dára, kí mi ní ẹ kú iṣẹ́. Ìyẹn kò ní àbọ̀ nínú."

Mo sáré padà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, inú mi ń dùn, mo ń ṣe bí ọmọdé. Mo ní, "Ẹ dìde! Ẹ lọ sọ fún Oníbodè pé ẹ ti sọ fún Ìyá pé ẹ̀ ń bọ̀. Ó pọn dandan kó jẹ́ kí ẹ lọ."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá," ló wí. "N kò sọ nǹkan kan. Ìyá ló sọ̀rọ̀."

"Kí ni wọ́n sọ?"

Ó wo ilẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó wo ilẹ̀. "Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pariwo tẹ̀lé mi. Wọ́n ní, 'Ọdẹ́rìndé, ó dìgbéré.'"

 Ẹ mọ ẹni tí a ń sọ ọ́ fún. Etí ibojì la ti ń sọ ọ́, òkú la sì ń sọ ọ́ fún, nítorí a kò retí àbọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyá wa sọ ọ́ fún ọmọ tó wà láàyè, tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

"Mo dán ọ̀nà ilé wò ní ọdún kìíní," ni Ẹ̀gbọ́n mi wí. "Oníbodè kò dá mi dúró, n kò sì kí i ní ó dàbọ̀. Mo rìn títí mo fi dé ibi tó yẹ kí ilé wa wà. Ọyẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀, Ọdẹ́jìnmí. Funfun lásán. Mo pe Ìyá, mo pe ìwọ, ohùn mi kò dé ibì kankan. Mo padà síbí torí pé níbí, wọ́n ṣì ń gbọ́ mi bí mo bá sọ̀rọ̀. Òkú ni mí. Òkú tó ń wo ẹyẹ."

Mo sunkún, òun kò sunkún. Mo ní, "Ẹni tó sọ ọ́ ṣì wà láàyè. Màá lọ bá wọn." Ó ní bóyá wọn kò ní í fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà padà. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Nígbà tó wá kan kí n fi í sílẹ̀, n kò mọ ohun tí mo máa wí. Gbogbo ìdágbére tí mo mọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo dúró níwájú rẹ̀ bí ọ̀dẹ̀, nígbẹ̀yìn ni mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó."

"Ọ̀ọ̀," ló wí.

Mo kí Oníbodè ní ẹ kú iṣẹ́, mo kọjá. Ọ̀nà tó gbà mí ní ọjọ́ púpọ̀, ọ̀sán kan péré ni mo fi rìn ín padà. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, mo ní, "Ẹ kúulé o."

"Káàbọ̀, Ọdẹ́jìnmí," ni Ìyá wí láti orí ẹní. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀. "Ẹsẹ̀ ẹnì kan ni mo gbọ́."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, n kò fi ọ̀kan pa mọ́. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bí wọ́n ti ṣe lọ́jọ́ náà.

"Inú ló bí mi," ni wọ́n wí. "Kí n tó pa ẹnu dé ni mo ti kábàámọ̀. Mo fẹ́ sáré tẹ̀lé e, ojú tì mí torí àwọn ará ilé tó ń wò. Mo ń dá ara mi lójú pé kò gbọ́. Ọdún méje ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé kò gbọ́."

"Ó gbọ́, Ìyá."

"Gbé mi dìde."

Mo gbé wọn lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko. Ojú wọn kò ríran, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn, wọ́n fara tì mí. Wọ́n kọjú sí ọ̀nà tí kò sí ẹnikẹ́ni lójú rẹ̀, wọ́n fi oríkì pè é: "Àkànmú, Ọdẹ́rìndé ọmọ mi, káàbọ̀."

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Eruku ọyẹ́ ń fẹ́ lu wá lójú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tún ní kí n gbé wọn lọ. Àwọn tó ń lọ sóko ń dúró, wọ́n ń ní, "Ìyá, ta lẹ̀ ń kí?" Wọ́n á ní, "Ọmọ mi ni, ó ń ti ìrìn-àjò bọ̀." Àwọn ènìyàn á wo ojú mi, èmi á wo ibòmíràn. Àárọ̀ mẹ́sàn-án ni a fi ṣe é. Ohùn wọn ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, títí ó fi jẹ́ pé èmi tí mo gbé wọn dání nìkan ló ń gbọ́ ọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, wọn kò lè dìde. Wọ́n kọ ojú sí ẹnu ọ̀nà láti orí ẹní. Mo gbé etí sún mọ́ ẹnu wọn. "Káàbọ̀," ni wọ́n wí, èémí wọn sì bá a lọ.

A wẹ̀ wọ́n, a wọṣọ fún wọn. Bí a ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ẹ kúulé o."

Ọdẹ́rìndé ló dúró síbẹ̀, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ọrùn rẹ̀ ṣì gùn. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn nínú gbogbo wa. Ó wo ilẹ̀ tí a ń gbẹ́, ó wo aṣọ funfun, ó yé e. Ó wólẹ̀. Nígbà tí a gbé Ìyá sọ̀kalẹ̀, òun ló kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ bí wọ́n ti fẹ́.

Lẹ́yìn náà àwọn àgbà ilé ní kí àkọ́bí wá dágbére fún Ìyá ká lè dí ilẹ̀. Gbogbo wa mọ ọ̀rọ̀ tí a ń retí. Ẹ̀gbọ́n mi dúró létí ibojì. Ó wá ní, "Ìyá, ó dàbọ̀."

Ariwo sọ. Baálé ilé wa fà á láṣọ: "Ọdẹ́rìndé, ó dìgbéré ni wọ́n ń wí! Ṣé o kò gbọ́ èdè wa mọ́ níbi tí o lọ ni?"

"Mo gbọ́ ọ," ló wí. Ó tún yíjú sí ilẹ̀. "Ìyá, ó dàbọ̀ o."

Ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀lé e ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé nígbà tí ìyàwó mi bí obìnrin. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, mo ti ní orúkọ mẹ́ta lọ́kàn, àwọn ará ilé ìyàwó mi mú méjì wá. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó pè é ní Ìyábọ̀, ó wá kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́ níwájú gbogbo wa, ó wo ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lójú.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá," ló wí.